Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹgbẹ́ TAMPAN: Ẹ fún Orlando Martins ní ìjókòó láàrin àwọn àgbà wa

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ TAMPAN, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré tíátà àti àwọn tó ń gbé fíìmù jáde ní Nàìjíríà, ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹ̀gbọ́n nídìí iṣẹ́ tíátà, mo kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá, ẹ kú àìsùn lókéṣọ̀n.

Èmi fúnra mi kì í ṣe òṣèré. Ọmọ òṣèré ni mí. Màámi lo ohun tó lé ní ogún ọdún nídìí iṣẹ́ yìí kí orúnkún tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Bí mo bá dárúkọ wọn fún yín, ẹ ò ní mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pàdé wọn lọ́jà, ẹ lè figbe ta pé, "Háà, ṣé ìyá ẹlẹ́kọ inú fíìmù yẹn kọ́ nìyí?" Wọ́n ti ṣe ìyá ẹlẹ́kọ, wọ́n ti ṣe ìyálọ́jà, wọ́n ti ṣe ìyá ìyàwó tó ń sunkún lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n ti ṣe arúgbó ẹ̀bá ọ̀nà tí àlejò ń bi léèrè ilé ọba. Wàká-páàsì ni wọ́n ń pe irú wọn, òṣèré tó kàn ń yọjú kọjá. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ náà jù mí lọ.

Ohun tó mú mi kọ̀wé sí yín ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Orlando Martins. Ó ti kú láti 1985. Mo fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ kà á mọ́ àwọn baba iṣẹ́ yìí, kí ẹ sì tipasẹ̀ rẹ̀ bu ọlá fún gbogbo ẹni tó ń kó ipa kékeré. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo fi fíìmù òyìnbó àtijọ́ kan han màámi. The Hasty Heart ni àkọlé rẹ̀, 1949 ni wọ́n gbé e jáde, dúdú àti funfun ni. Ilé-ìwòsàn àwọn sójà ní Bọ́mà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá màámi lọ ogun Bọ́mà, títí ọlọ́jọ́ fi dé, Sójà Bọ́mà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìdí nìyẹn tí mo fi yan fíìmù náà. Màámi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, èmi ni mo ń túmọ̀ fún wọn lábala lábala. Ronald Reagan tó padà wá di ààrẹ Amẹ́ríkà wà nínú ẹ̀. Richard Todd wà nínú ẹ̀, Patricia Neal náà wà nínú ẹ̀. Màámi ò wo ìkankan nínú wọn. Ọkùnrin dúdú kan tó ń gbé yàrá ìwòsàn yẹn pẹ̀lú wọn ni wọ́n tẹjú mọ́.

Wọ́n ní, "Ta nìyẹn?"

Mo ní, "Orlando Martins ni wọ́n ń pè é."

"Ọmọ ibo?"

"Ọmọ Èkó ni, màámi. Òkè-Sùnnà ni wọ́n bí i sí."

Wọ́n yíjú sí mi bí ẹni tó rò pé mò ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọmọ Èkó? Láyé ìgbà yẹn?" Wọ́n ní kí n dá a padà sẹ́yìn, kí àwọn tún ojú ẹ̀ wò dáadáa.

Blossom lorúkọ ẹni tó ṣe nínú fíìmù náà, sójà dúdú láti ilẹ̀ Basuto, tí à ń pè ní Lesotho lónìí. Láàrin àwọn aláìsàn yòókù, Blossom nìkan ni kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì kan, Lachlan, ni ìtàn náà dá lé. Kíndìnrín rẹ̀ ti ń bàjẹ́, àwọn dókítà sì mọ̀ pé kò ní pẹ́ kú, ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún un. Àwọn tó yí i ká ni wọ́n sọ fún, pé kí wọ́n ṣe é jẹ́jẹ́, kí wọ́n bá a ṣọ̀rẹ́. Agbéraga ni Lachlan, kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n fà á mọ́ra díẹ̀díẹ̀ títí ara rẹ̀ fi rọ̀. Àfi bó ṣe gbọ́ pé òun ń kú lọ. Gbogbo oore tí wọ́n ti ṣe fún un wá korò lẹ́nu rẹ̀: àánú lásán ni wọ́n ń ṣe mí, kò sí ọ̀rẹ́ níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Blossom mú ẹ̀gbà ọrùn onílẹ̀kẹ̀ wá fún un. Lachlan kọ̀ ọ́. Ìgbà tó yá ni wọ́n wá fi yé e pé Blossom ò gbọ́ èdè wọn. Kò gbọ́ ohun tí dókítà sọ. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ kú. Ó fún un ní ìlẹ̀kẹ̀ torí pé ó fẹ́ràn rẹ̀, ó parí síbẹ̀. Gbogbo ìtàn náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orí ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ló dúró lé. Bí òṣèré tó ṣe Blossom bá ṣe é láṣejù, bó bá ṣe é bí ẹni tó ń tọrọ àánú, fíìmù náà ti wó nìyẹn.

Màámi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Blossom ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ wọn sì yé ara wọn. Wọ́n ní, "Ṣé o rí ọkùnrin yẹn, kì í sáré. Ẹni tí wọn ò fún ní ọ̀rọ̀ sọ, etí ló gbọ́dọ̀ máa fi ṣeré. Bí kò bá gbọ́ ohun tí àwọn yòókù ń sọ lóòótọ́, kámẹ́rà á mú un." Mo kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àtìgbà tí mo ti ń ka ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ nípa eré, n ò tíì rí ohun tó ye mí jù ú lọ.

Richard Todd gba ìfàkalẹ̀ fún Oscar nítorí fíìmù náà, ó sì tọ́ sí i. Martins ti ṣe Blossom kan náà lórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1945 kí wọ́n tó gbé e sínú fíìmù. Ó ti mọ ipa náà tipẹ́.

Nígbà tí mo pa tẹlifíṣọ̀n, màámi bi mí ní ohun tí n ò rí dá lóhùn: "Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe tíátà, kí ló dé tí ẹnì kankan ò dárúkọ ọkùnrin yìí sí mi létí rí?"

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo gbé ìbéèrè náà wá bá yín.

Ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1899 ni wọ́n bí i. Orúkọ Martins fúnra rẹ̀ ti ń sọ agboolé tó ti wá: Àgùdà ni, ìran àwọn tí òkun gbé lọ sí Bùràsíl tí wọ́n tún padà wá tẹ̀dó sí Èkó. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá rẹ̀. Ó wọ Eko Boys High School ní 1913, ọdún tí wọ́n dá ilé-ìwé náà sílẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà ni ogun bẹ́ sílẹ̀, ogun àkọ́kọ́, ó sì wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Inú ikùn ọkọ̀ ńlá Mauretania ni wọ́n fi í sí, ó ń wa èédú sínú iná ìléru. Ọmọ Èkó tí kò tíì pé ogún ọdún, ṣọ́bìrì lọ́wọ́, òkun lókè orí rẹ̀, iná níwájú rẹ̀.

Ogun parí, ó dúró sí Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ tó bá rí ló ń ṣe. Ó ṣe sákọ́ọ̀sì, ó ń fi ejò ńlá dá èrò lára yá. Ó ja ìjàkadì gbowó, Black Butcher Johnson ni wọ́n ń pè é nínú agbo. Ó dúró lẹ́yìn àwọn oníjó bálẹ́ẹ̀tì ti Diaghilev, ọmọ Rọ́ṣíà, gẹ́gẹ́ bí èrò orí ìtàgé, ìyẹn wàká-páàsì ti ìgbà yẹn. Nígbà tí eré olórin Show Boat gba ìlú Gẹ̀ẹ́sì kan láti 1928, ó bá wọn rìnrìn àjò eré náà. Kó tó dìgbà yẹn, ó ti wọ fíìmù: 1926 ni, If Youth But Knew, láyé tí fíìmù ò tíì ní ohùn. Ní ọdún yẹn, Hubert Ògúndé ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ní Òsósà.

Mi ò fi èyí bá Ògúndé du oyè. Ògúndé ló fún wa ní tíátà tó ń rìn láti ìlú dé ìlú, ẹnikẹ́ni ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni àwọn méjèèjì gbà. Ọ̀kan kọ́ ilé tirẹ̀, ó sì jẹ́ olórí níbẹ̀. Èkejì wọ ilé onílé, wọ́n ní kó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó sì jókòó síbẹ̀ fún ohun tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ, tó fi jẹ́ pé bó bá ti wọlé, ojú á kúrò lára onílé. Àwọn méjèèjì ni baba wa.

Ní 1935 ó ṣe K'Lova nínú Sanders of the River, fíìmù tí Paul Robeson, olórin àti òṣèré ọmọ Amẹ́ríkà, jẹ́ olórí òṣèré dúdú inú rẹ̀. Fíìmù yẹn ń yin ìjọba amúnisìn bí ẹni ń ki ọba, Robeson fúnra rẹ̀ kábàámọ̀ rẹ̀ nígbà tó yá. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, ní ilé ìtàgé Westminster ní Lọ́ńdọ̀nù, Robeson tún ṣe Toussaint Louverture, ọ̀gágun àwọn ẹrú tó ṣọ̀tẹ̀, nínú eré tí C.L.R. James, òǹkọ̀wé ọmọ Trinidad, kọ nípa bí àwọn ẹrú Haiti ṣe gba ara wọn sílẹ̀. Martins ló ṣe Boukman, ẹni tó kọ́kọ́ dá iná ìṣọ̀tẹ̀ náà. Láàrin ọdún kan, ọkùnrin kan náà ti Áfíríkà tí òyìnbó lálàá rẹ̀ bọ́ sínú Áfíríkà tó dìde dúró. Ojoojúmọ́ ayé òṣèré nìyẹn: ipa tí wọ́n bá gbé wá ni wàá jẹ, o ò ní sọ pé o ò jẹun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù nìyí, n ò sì ní fò ó. Wọ́n gbé Men of Two Worlds jáde ní 1946, fíìmù aláwọ̀ tí Thorold Dickinson darí. Robert Adams, ọmọ Guyana, ló ṣe Kisenga, olórin tó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tó wá padà sí ilẹ̀ Tanganyika (Tanzania òní) láti ran ìjọba lọ́wọ́, kí àwọn èèyàn rẹ̀ lè ṣí kúrò níbi tí eṣinṣin ti ń kó àrùn oorun ràn wọ́n. Martins ló ṣe Magole, adáhunṣe tó dìde sí i. Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ya irú ẹni bẹ́ẹ̀: ojú líle, òògùn, ìbẹ̀rù. Kí fíìmù náà tó jáde rárá ni WASU ti fi ìwé ìtàn náà sùn ní ọ́fíìsì ìjọba amúnisìn, pé ó ń tàbùkù àwọn ọmọ Áfíríkà. WASU yìí ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1925.

Nítorí náà, ọmọ Yorùbá kan ń jà pé kí wọ́n má ṣe irú fíìmù bẹ́ẹ̀, ọmọ Yorùbá mìíràn wà nínú ẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ta ló jàre? Mo gbà pé Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jàre. Ìtàn náà tàbùkù wa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá wo Magole, n kì í rí ẹni ẹ̀gàn. Ohùn rẹ̀ jìn, ó ń dún láti ìsàlẹ̀ àyà, ó sì ń ba Kisenga nínú jẹ́ torí pé ó gba ohun tó ń sọ gbọ́. Òǹkọ̀wé fẹ́ òpònú abọgibọ̀pẹ̀; Martins fún wọn ní ọkùnrin tó ń gbèjà ibi tí wọ́n bí i sí. Ó sì dùn mí láti sọ ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá mi: lónìí, ta ló ń ya babaláwo bí Magole tí wọ́n kọ sínú ìwé yẹn, eérú lójú, agbárí nílẹ̀, ẹ̀rín burúkú? Àwa fúnra wa ni. Bí òṣèré tí wọ́n fún ní irú ipa bẹ́ẹ̀ lónìí bá lè wo ohun tí Martins fi ṣe, á mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà.

Àwọn òǹwòran Gẹ̀ẹ́sì ò ṣàìrí i. Nínú ìdìbò kan ní 1947, wọ́n kà á mọ́ òṣèré 15 tí wọ́n fẹ́ràn jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó jẹ́ pé ìjòyè, olórí abúlé, ìránṣẹ́ àti adáhunṣe ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń fún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ sọ́nà rédíò, torí ó kan màámi. Kí orúnkún tó dá wọn dúró, wọ́n ṣe eré rédíò dáadáa. Asọ̀rọ̀mágbèsì làwọn bàbá wa ń pè é. Nínú eré kan, èèyàn mẹ́ta ni wọ́n jẹ́: ìyálé, ọmọ ọdún méje, àti arúgbó tó ń ta àgbo. Mo bá wọn lọ lọ́jọ́ kan, mo wà lẹ́yìn gíláàsì. Bó bá kan ìyálé, wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí. Bó bá kan ọmọ, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bó bá kan arúgbó, wọ́n á tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà. Kò sẹ́ni tó máa rí ìkankan nínú ẹ̀ nílé, ohùn nìkan ló máa dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí ara ò bá yí padà, ohùn ò ní yí. Ohun tí Martins ṣe nínú The Hasty Heart ni òdìkejì ẹ̀: ara ló wà níbẹ̀, ohùn ni kò sí.

Nígbà tí mo ń wo èyí ni mo rántí Juano Hernández, ọmọ dúdú láti Puerto Rico. Òun náà ti sákọ́ọ̀sì wá, òun náà ti ja ìjà gbowó. Ó ṣiṣẹ́ lórí rédíò ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní 1933 òun ni John Henry lórí rédíò CBS, ọkùnrin alágbára inú ìtàn àwọn dúdú ibẹ̀. Lọ́dún tí The Hasty Heart jáde, 1949 náà ni, ni Hernández ṣe Intruder in the Dust: àgbà ọkùnrin dúdú ní Mississippi tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn, tó sì kọ̀ láti bẹ ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin méjì ní etí òkun méjì, ọ̀kan ọmọ Èkó, ọ̀kan ọmọ San Juan, tí wọ́n wọ iṣẹ́ eré láti ẹnu ọ̀nà àwọn eléjò àti àwọn ajìjàkadì. Àwọn ìlú wọn ní Puerto Rico ò gbàgbé Hernández. Mo fẹ́ kí tiwa náà rántí tiwa.

Ní 1959 Martins padà sí Èkó. Ọdún yẹn ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá. Ọdún yẹn náà ni The Nun's Story jáde, tó ti ṣe Kalulu pẹ̀lú Audrey Hepburn. Ó wálé, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó ò jẹ́ kó sinmi. Wọ́n pè é fún Sammy Going South ní 1963, wọ́n pè é fún Call Me Bwana lọ́dún kan náà, wọ́n pè é fún Mister Moses ní 1965. Nínú méjì tó gbẹ̀yìn, olóyè ni, olóyè ni. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ìgbà tí inú mi dùn sí jù nínú ayé rẹ̀ ni 1970. Francis Ọládélé àti ilé-iṣẹ́ Calpenny rẹ̀ ń ṣe fíìmù Kongi's Harvest nílẹ̀ wa níbí, Wọlé Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ló jẹ́ Kongi, Ossie Davis ti Amẹ́ríkà ló darí. Ta ni wọ́n tún rí níbẹ̀? Orlando Martins, ẹni àádọ́rin ọdún. Lẹ́yìn ìyẹn ló tún wọ fíìmù tí wọ́n ṣe láti inú ìwé Chinua Achebe, tó jẹ́ Obierika, ọ̀rẹ́ Okonkwo. Ẹni tó fi ojú rẹ̀ hàn nínú fíìmù tí kò ní ohùn ní 1926 ló tún dúró níwájú kámẹ́rà nígbà tí àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fíìmù tiwa. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn Kongi's Harvest ni fíìmù Yorùbá Àjàní Ògún jáde, a sì mọ ìyókù. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án 1985 ló kú ní Èkó, ìlú tí wọ́n bí i sí.

Ó kù díẹ̀ kí n sọ ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kọ́kọ́.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí màámi ṣe fíìmù kan tí n ò ní dárúkọ rẹ̀, tí n ò sì ní dárúkọ ẹni tó gbé e jáde. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi wà lókéṣọ̀n, wọ́n sì sùn lórí ẹní. Ipa ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú sí ẹ̀yìn odi ni wọ́n fún wọn, síìnì mẹ́ta. Nígbà tí káṣẹ́ẹ̀tì jáde, èmi ni mo sáré lọ rà á. Gbogbo ilé pé jọ. Síìnì wọn dé, a pàtẹ́wọ́. Fíìmù parí, orúkọ àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Màámi fà sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń fi ìka tọ ojú gíláàsì bí orúkọ ṣe ń kọjá. Orúkọ awakọ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó gbé oúnjẹ wá wà níbẹ̀. Orúkọ gòkè títí, ojú tẹlifíṣọ̀n di dúdú. Wọ́n ní, "Wọ́n á ti gbàgbé." Wọ́n dìde, wọ́n lọ gbé ọbẹ̀ kaná. Ọbẹ̀ náà ti gbóná tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi.

Ẹ mú ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, ọjọ́ ìbí Martins, kí ẹ sọ ọ́ di ọjọ́ tí ẹ ó máa wo ọ̀kan nínú àwọn fíìmù rẹ̀ pọ̀. Kò gba ariwo, kò gba aṣọ ẹbí. Gbọ̀ngàn kan ti tó, ẹni kan tó lè túmọ̀ sí Yorùbá fún àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti tó, kí àwọn àgbà òṣèré sì sọ ohun tí wọ́n rí. Ẹ pe àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ wá. Ẹ bá ilé ìṣúra fíìmù àti ohùn ti orílẹ̀-èdè wa tó wà ní Jos sọ̀rọ̀, kí ẹ bá àwọn tó ń tọ́jú fíìmù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀, kí ẹ̀dà tó mọ́ lè dé ọwọ́ wa. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú The Hasty Heart, ẹ fi Men of Two Worlds ṣe ìkejì, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnì kan sọ ti WASU náà, kí àwọn ọmọ mọ̀ pé a lè yin òṣèré kí a sì bá ìtàn wí.

Bí ẹ bá ń fún èèyàn ní àmì ẹ̀yẹ, ẹ fi orúkọ Martins sọ èyí tó jẹ́ ti ẹni tó kó ipa kékeré tí ipa náà sì di ńlá lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó má jẹ́ ti olókìkí tó yà wọlé fún ìṣẹ́jú kan. Kí ó jẹ́ ti àwọn tí ẹ mọ ojú wọn tí ẹ ò mọ orúkọ.

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ pa á láṣẹ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gbé fíìmù jáde pé, bí èèyàn bá ti dúró níwájú kámẹ́rà tó sì sọ gbólóhùn kan, tàbí tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ń ṣe sínú ìwé eré, kí orúkọ rẹ̀ wà níbi tí orúkọ ti ń gòkè. Kí wọ́n kọ ọ́ bó ṣe tọ́, pẹ̀lú àmì ohùn bó bá ṣeé ṣe, torí Àdùkẹ́ kan kì í ṣe Àdùkẹ́ kejì. Kì í ṣe gbogbo fíìmù tí Orlando Martins ṣe níbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Bí kò bá jẹ́ pé ó pẹ́ láyé tó sì di ńlá, a ò bá má mọ̀ pé ó wà nínú wọn rárá.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ń bẹ lọ́rùn yín. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń jí fíìmù dà kọ, owó tí kì í wọlé bó ṣe yẹ, òṣèré tó ń ṣàìsàn tí kò sí owó ìtọ́jú, gbogbo rẹ̀ ló ń dúró dè yín láràárọ̀. Mi ò sọ pé kí ẹ gbé tiwa ṣíwájú ìyẹn. Ẹ kàn jẹ́ kó wà lórí tábìlì.

Màámi ti ń béèrè bóyá mo ti rí fíìmù mìíràn tí "ọmọ Òkè-Sùnnà" wà. Mo ti rí Where No Vultures Fly, èyí tí wọ́n ṣe ní 1951, a ó wò ó lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Bí ẹ bá ti wá mú ọjọ́ tiyín, ẹ ránṣẹ́ sí mi, màá mú wọn wá. Ìjókòó kan péré ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún wọn níwájú pátápátá, nítorí ojú, kí àga náà sì ní apá tí wọ́n lè fi ọwọ́ tẹ̀ dìde.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
ọmọ ìyá ẹlẹ́kọ inú fíìmù yẹn,
Ìbàdàn.